Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: mo fẹ́ ṣí gálárì àwòrán ẹ̀yìn ànímé ní Peckham

Táyé_Peckham

Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ìmọ̀ràn ni mo wá gbà, ẹ dákun ẹ má jẹ́ kí n dá ọ̀rọ̀ yìí rò. Ọdún 11 rè é tí mo ti ń gbé Peckham ní London, iṣẹ́ fírémù ni mò ń ṣe fún àwọn tó ní gálárì, èmi ni mò ń gé igi, èmi ni mò ń gé gíláàsì, èmi náà ni mò ń bá wọn gbé e kọ́ sára ògiri. Ní báyìí sọ́ọ̀bù kékeré kan ti ṣófo nítòsí Rye Lane, onílé ní òun á fún mi tí mo bá lè san owó oṣù mẹ́ta sílẹ̀. Ohun tó wà lọ́kàn mi láti máa tà níbẹ̀ ni pírínǹtì àwòrán ẹ̀yìn inú ànímé, ìyẹn kátúùnù àwọn ará Japan. Mi ò sọ pósítà Goku tàbí Naruto o. Àwòrán ẹ̀yìn ni mo wí, sánmà, igbó, òpópónà, yàrá tí ẹnikẹ́ni ò sí nínú ẹ̀, èyí tí wọ́n fọwọ́ kùn sórí ìwé kí wọ́n tó gbé àwọn èèyàn inú fíìmù lé e lórí.

Láti kékeré ló ti wà lára mi. N'Ìbàdàn tá a ti máa ń wo Voltron lórí NTA, ojú àwọn ẹ̀gbọ́n mi wà lára róbọ́ọ̀tì, ojú tèmi wà lára sánmà tó wà lẹ́yìn ẹ̀. Ìgbà tó wá di 2017, House of Illustration, ilé ìpàtẹ àwòrán tó wà ní King's Cross nígbà yẹn, pàtẹ àwọn àwòrán ẹ̀yìn yìí, èyí tí wọ́n kùn gan-gan kó tó di fíìmù, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo lọ. Mo dúró síwájú ọ̀kan tí Ogura Hiromasa àtàwọn èèyàn ẹ̀ ṣe fún fíìmù ànímé Ghost in the Shell ti 1995, ìwé náà ò tóbi ju A4 lọ púpọ̀, ọ̀nà tóóró kan ni, omi wà nílẹ̀, pátákó ìpolówó pọ̀ lókè bí aṣọ tí wọ́n sá. Mo rí ibi tí ọ̀dà ti gbẹ lẹ́nu búrọ́ọ̀ṣì létí pátákó kan. Mo rí nọ́ńbà tí wọ́n fi pẹ́ńsù kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé. Mi ò mọ ìgbà tí omi bọ́ lójú mi.

Torí náà ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀, ibo ni mo ti máa rí àwòrán wọ̀nyí tẹ̀, ta ni mo máa sanwó fún, irú ìwé wo ló yẹ kí n tẹ̀ ẹ́ sí, àti pé ṣé kí n gba sọ́ọ̀bù yìí ni àbí kí n mú sùúrù? Mo ti fi owó díẹ̀ pamọ́ ṣùgbọ́n kì í ṣe owó tí mo lè fi ṣeré.

Kúnlé_A3

Bọ̀dá Táyé, ọ̀rọ̀ yìí dùn mọ́ mi gan-an. Èmi máa ń tẹ̀ ẹ́ fúnra mi sí yàrá mi ní Leeds, inú díìsìkì fíìmù Blu-ray ni mo ti ń yọ àwòrán jáde tí mo bá dá fíìmù dúró níbi tí ẹnikẹ́ni ò sí. Ghibli pàápàá, stúdíò ànímé ńlá yẹn, gbé àwòrán fíìmù wọn sórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́, láti oṣù kẹsàn-án 2020 ni, wọ́n ní kí èèyàn máa lò ó fàlàlà. Ṣé ẹ ò lè bẹ̀rẹ̀ látibẹ̀?

Dúpẹ́_Tokyo

Kúnlé àbúrò mi, ka gbogbo gbólóhùn yẹn tán. Ohun tí wọ́n kọ ni pé kéèyàn lò ó fàlàlà níwọ̀n tí làákàyè bá gbà. Kéèyàn fi ṣe ojú fóònù, kéèyàn fi han ọ̀rẹ́, ìyẹn làákàyè. Kéèyàn tẹ̀ ẹ́, kó fi fírémù sí i, kó lẹ iye owó mọ́ ọn ní Peckham, ìyẹn ti kúrò níbẹ̀. Yàrá tìẹ dáa, fi í sílẹ̀ síbẹ̀.

Bọ̀dá Táyé, ẹ kú iṣẹ́ o, ilẹ̀ ti ṣú níbí. Ògbufọ̀ ni mí ní Tokyo, ilé iṣẹ́ tí mo wà máa ń bá àwọn ará òkèèrè gba láísẹ́ǹsì, ìyẹn ìwé àṣẹ, fún ọjà ànímé, torí náà ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ gbé wá yìí ni mo fi ń jẹun. Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí ẹni tó ni ín. Ẹni tó kun àwòrán náà kọ́ ló sábà máa ń ni kópíráìtì ẹ̀, ìyẹn ẹ̀tọ́ láti ṣe ẹ̀dà ẹ̀. Ó ṣe é fún stúdíò ni. Stúdíò náà sì lè máà dá fíìmù ní, torí ọ̀pọ̀ ànímé níbí owó àjọdá ni wọ́n fi ń ṣe é, seisaku iinkai ni wọ́n ń pè é, ilé tẹlifíṣọ̀n á mú owó wá, àwọn atẹ̀wé á mú wá, ilé iṣẹ́ orin á mú wá, àwọn tó ń ṣe tọ́ì á mú wá, gbogbo wọn á wá jọ ni ín bí ìgbà téèyàn márùn-ún jọ ra ilẹ̀ kan. Ẹ ò lè ra ilẹ̀ yẹn lọ́wọ́ ẹnì kan ṣoṣo lára wọn kẹ́ ẹ máa kọ́lé. Ṣùgbọ́n wọ́n máa ń ní ẹnì kan tó ń gbẹnu sọ fún wọn lórí ọ̀rọ̀ ọjà, òun lẹ máa wá, orúkọ tó tẹ̀ lé àmì © níparí fíìmù lẹ máa fi bẹ̀rẹ̀ ìwádìí. Kẹ́ ẹ sì má retí pé ó máa gbó di ọ̀fẹ́ o, fíìmù tó bá jáde ní 1988, ní òfin Japan, ó di ìparí 2058.

Tẹ́ ẹ bá ti mọ ẹni tẹ́ ẹ máa bá sọ̀rọ̀, ẹ má kọ ìmeèlì ìlà mẹ́ta ránṣẹ́ sí i pé ẹ fẹ́ràn iṣẹ́ wọn. Ìwé ètò ni wọ́n ń bèèrè, kikakusho, lédè Japan, kó sọ àwòrán wo gan-an, láti inú ìran wo nínú fíìmù, ìwọ̀n rẹ̀, ìwé tẹ́ ẹ máa tẹ̀ ẹ́ sí, ẹyọ mélòó lẹ máa tẹ̀ kẹ́ ẹ tó dúró, iye tẹ́ ẹ máa tà á, orílẹ̀-èdè wo, fún ọdún mélòó. Wọ́n á ní kẹ́ ẹ san owó kan sílẹ̀, MG (minimum guarantee) là ń pè é, wọ́n á máa yọ ìpín tiwọn nínú ẹ̀ bẹ́ ẹ ṣe ń tà, tí ọjà ò bá tà wọn ò ní dá a padà. Lẹ́yìn náà ni kanshū, ìyẹn ni pé ẹ máa tẹ àpẹẹrẹ, ẹ máa fi ránṣẹ́ sí wọn, wọ́n á gbé e sábẹ́ iná wò. Oníbàárà wa kan wà tí wọ́n dá tiẹ̀ padà lẹ́ẹ̀mẹrin lórí àwọ̀ ewé. Ẹ̀ẹ̀mẹrin o. Kò sì bínú, torí ìgbà tó di ẹ̀ẹ̀karùn-ún gbogbo wa rí i pé òótọ́ ni wọ́n ń sọ, ewé tàkọ́kọ́ dà bí ewé ike.

Ohun kan ṣì wà. Àwòrán tẹ́ ẹ rí nínú fíìmù àti ìwé tí wọ́n kùn, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Wọ́n ń to nǹkan lé ara wọn ni. Ti ìsàlẹ̀ ni BG, ìyẹn background, àwòrán ẹ̀yìn gan-an, àwọn èèyàn á dúró lé e, igi tàbí òpó tó bá wà níwájú wọn wọ́n á kùn ún sórí ìwé mìíràn wọ́n á gé e yí ká, BOOK lorúkọ ẹ̀. Gbogbo ẹ̀ á wá lọ sábẹ́ kámẹ́rà lẹ́ẹ̀kan. Tẹ́ ẹ bá rí BG nìkan, ibi tó yẹ kí igi wà lè ṣófo, tàbí kẹ́ ẹ rí i pé ayàwòrán kun koríko dé ibi tí kámẹ́rà ò débẹ̀ rárá. Lójú tèmi ibẹ̀ ló dùn jù, ohun tí ẹni tó wo fíìmù nígbà ọgọ́rùn-ún ò rí rí. Ìwé yẹn ni kẹ́ ẹ tẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n jẹ́ kẹ́ ẹ síkáànì rẹ̀ látibi tó wà, tàbí kí wọ́n síkáànì rẹ̀ fún yín.

Onítẹ̀wé_Ṣómólú

Ẹ kú ìjókòó o. Ṣómólú ni wọ́n bí mi sí, ìdí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé bàbá mi ni mo ti kọ́ láti kàwé, ẹ jẹ́ kí n dá sí i. Kúnlé, o ní Blu-ray. Blu-ray píksẹ́lì 1920 ní 1080 ni, píksẹ́lì ni àwọn àmì kékeré tó para pọ̀ di àwòrán. Tó o bá fẹ́ kó mú dáadáa lójú ẹni tó sún mọ́ ọn, píksẹ́lì 300 nínú íǹṣì kan ni à ń lò, ṣírò ẹ̀: íǹṣì 6.4 ní 3.6, ìyẹn sẹ̀ǹtímítà 16 ní 9. Àwòrán tó tó káàdì ìkíni nìyẹn. A3 fẹ́ 4961 ní 3508. Tó o bá fipá fẹ̀ ẹ́ ojú á máa rí i, ó lè máà mọ orúkọ ohun tó ń rí ṣùgbọ́n á mọ̀ pé nǹkan ò lọ déédéé.

Ọ̀gá Táyé, ìǹkì gan-an lẹ gbọ́dọ̀ fojú sí. Ẹ̀rọ ńlá tá a fi ń tẹ kàlẹ́ńdà òkú àti ìwé ìgbéyàwó níbí, àwọ̀ mẹ́rin ló ní, ó yára, owó ẹyọ kan ò pọ̀, ṣùgbọ́n àwọ̀ ewé àti búlúù sánmà tí àwọn ará Japan yìí ń kùn, àwọ̀ mẹ́rin ò lè gbé e tán. Ìǹkjẹ́ẹ̀tì tó ń lo ìǹkì pigment, èyí tí àwọ̀ ẹ̀ kì í tètè ṣá, àwọn tó ní àwọ̀ mẹ́wàá mẹ́jìlá, lẹ máa lò, Epson ní in, Canon ní in. Ẹ má gba ẹnikẹ́ni tó bá ní ìǹkì dye, èyí tí wọ́n pò mọ́ omi, lòun á lò, dye rẹwà lọ́jọ́ tí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́, oòrùn ni ọ̀tá ẹ̀. Ìwé, ẹ wá èyí tí wọ́n fi òwú ṣe ọgọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún tí kò ní ásíìdì, àwọn èèyàn fẹ́ràn Hahnemühle Photo Rag 308, mo ti fọwọ́ kàn án, ó ń mú ọ̀dà pósítà tí àwọn ayàwòrán yìí fi ń kùn jáde bí ìgbà tí ọwọ́ fúnra ẹ̀ kùn ún torí kò dán.

Ibi tí àṣìṣe máa ń fara hàn jù ni sánmà. Àwọn ayàwòrán yìí á fi búrọ́ọ̀ṣì fẹ̀ǹfẹ̀ rin ìwé kó tutù, wọ́n á wá fa búlúù láti òkè wá sísàlẹ̀ kó máa ṣí díẹ̀díẹ̀ kí omi tó gbẹ, kò sí ìlà kankan níbi tí àwọ̀ kan ti di òmíràn. Tí fáìlì yín bá jẹ́ JPEG, sánmà yẹn lè jáde ní àtẹ̀gùn àtẹ̀gùn, bí ẹní to aṣọ òfì lé ara wọn. Irú fáìlì TIFF ni kẹ́ ẹ gbà, bit 16 kí ìpele àwọ̀ lè pọ̀, kẹ́ ẹ má sì ti sRGB bọ̀ ọ́, Adobe RGB ni, àwọ̀ tó lè gbà fẹ̀ jù ú lọ.

Táyé_Peckham

Ọ̀rọ̀ sánmà yẹn ṣẹlẹ̀ sí mi! Mo gbé fáìlì kan fún àwọn atẹ̀wé kan níbí lọ́dún tó kọjá, ti ẹni tó ya àwòrán fúnra ẹ̀ tó gbà mí láyè ni, kì í ṣe ti ànímé, ohun tó jáde ní ìlà bíi méje láàárín búlúù sí funfun, wọ́n ní ojú mi ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. £140 ló bá a lọ. Ẹ ṣeun ọ̀gá mi, ìsinsìnyí ló tó yé mi.

Dúpẹ́, ìbéèrè kan. Mo lọ sí Nakano Broadway ní 2019, mo ra BG kan ní Mandarake, ojúlówó, ilé onígi kan pẹ̀lú igi persimmon lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, ihò mẹ́ta tí wọ́n fi ń mú un dúró lójú kan kó má yẹ̀ wà létí ẹ̀. Èmi ló ni ín, mo ní rìsíìtì. Ṣé mo lè tẹ èyí?

Dúpẹ́_Tokyo

Ìwé lẹ rà, ẹ ò ra ẹ̀tọ́ àtitẹ̀ ẹ́. Bákan náà ni lọ́dọ̀ yín ní London. Ẹ lè gbé e kọ́ sára ògiri sọ́ọ̀bù yín, ẹ lè tà á fún ẹlòmíràn, ẹ̀dà ẹ̀ ni ẹ ò lè ṣe. Ṣùgbọ́n ẹ tọ́jú ẹ̀ o bọ̀dá mi. Nígbà tí wọ́n ṣì ń fọwọ́ kùn ún, tí fíìmù bá ti jáde tán púpọ̀ nínú àwọn ìwé yìí pàǹtírí ni wọ́n ń kó o dà sí, àyè ò sí nínú stúdíò. Láti nǹkan bí ìparí àwọn ọdún 1990 lọ ni kọ̀ǹpútà ti ń gba iṣẹ́ yẹn lọ́wọ́ búrọ́ọ̀ṣì, torí náà èyí tó ṣẹ́ kù nílẹ̀ ò lè pọ̀ sí i mọ́. Ó yẹ kí ẹni tó bá ra pírínǹtì lọ́wọ́ yín mọ èyí.

Ẹ̀gbọ́n_Láyí

Táyé, mo ti ka gbogbo ẹ̀. Mo ti ń ta nǹkan ní Deptford láti 1998, mo fẹ́ bá ọ sọ̀rọ̀ owó. Má gba sọ́ọ̀bù yẹn báyìí. Dúpẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún ọ pé kanshū nìkan lè lọ lẹ́ẹ̀mẹrin, owó ilé ò ní dúró dè ọ́, gbogbo oṣù tí àwọn ará Japan bá ń wo àwọ̀ ewé ni onílé á máa gba tiẹ̀ lórí ògiri tó ṣófo. Kọ́kọ́ gba láísẹ́ǹsì, kó o ní nǹkan bíi mẹ́jọ sí mẹ́wàá lọ́wọ́, kó o wá gba àyè ọ̀sẹ̀ méjì níbì kan, Copeland Park wà ládùúgbò ẹ níbẹ̀. Ìgbà tó o bá wá fẹ́ gba ti ẹ̀, bèèrè rateable value ẹ̀, iye tí ìjọba fi ń ṣírò owó orí sọ́ọ̀bù, tí ò bá kọjá £12,000 tó sì jẹ́ pé òun nìkan lo ní, o lè gba ìdẹ̀kùn, wọn ò ní gba owó orí sọ́ọ̀bù náà (business rates) lọ́wọ́ ẹ rárá. VAT náà, ó di ìgbà tí ọjà tó o tà láàárín oṣù 12 bá kọjá £90,000 kó tó di dandan.

Ohun tí mi ò mọ̀ ni pé ta ló máa rà á. Àwọn ọmọ tó ń lọ sí MCM, àpéjọ àwọn olólùfẹ́ ànímé ní gbọ̀ngàn ExCeL, lóṣù karùn-ún àti oṣù kẹwàá, mo ti rí wọn, àwòrán ẹni tí wọ́n fẹ́ràn ni wọ́n ń rà, £10, £15. Ilé tí kò séèyàn nínú ẹ̀ kọ́.

Màmá_Ìbejì_Croydon

Ẹ̀gbọ́n Láyí, èmi máa rà á. Mi ò wo ànímé rí. Àwọn ọmọ mi ló ń wò ó, mo kàn ń kọjá lọ síta láti kíṣìnì lọ́jọ́ kan ni mo rí pápá ìrẹsì kan lórí tẹlifíṣọ̀n, ọ̀nà erùpẹ̀ kan gba àárín ẹ̀ kọjá, òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, mo jókòó sórí àga pẹ̀lú ìgbákọ lọ́wọ́ mi. Ó rí bí ojú ọ̀nà oko bàbá mi ní Ìlárá-Mọ̀kín lásìkò òjò, erùpẹ̀ pupa yẹn nìkan ni kò sí níbẹ̀. Àwọn ọmọ ní Oga Kazuo ló ṣe é, pé Akita ni wọ́n bí i sí, ibi tí wọ́n ti ń gbin ìrẹsì. Mo ti wá pírínǹtì yẹn títí, èyí tí mo rí gbogbo ẹ̀ ló ní ọmọdé àti ẹranko ńlá kan láàárín. Tí wọ́n bá ń ta èyí tí kò séèyàn nínú ẹ̀ màá gbé e sí pálọ̀, ọkọ mi ò sì ní sọ pé kátúùnù ni mo kó wálé. Àbúrò mi Táyé, àwọn bí èmi pọ̀, a kàn ò mọ orúkọ ohun tí à ń wá ni.

Ẹ jọ̀ọ́ tí ẹ bá ń ta á ẹ sọ fún wa ibi tó yẹ ká kọ́ ọ sí. Àwòrán kan tí mo rà níbì kan, mo kọ́ ọ síwájú fèrèsé, ọdún méjì péré, pupa inú ẹ̀ ti lọ pátápátá.

Onítẹ̀wé_Ṣómólú

Ìyá wa, ó jọ pé dye nìyẹn. Ká ní mo wà lọ́dọ̀ yín màá ti sọ fún yín tẹ́lẹ̀.

Dúpẹ́_Tokyo

Ohun tí Màmá Ìbejì sọ yẹn, ẹ kọ ọ́ sínú kikakusho yín bó ṣe wà. Mi ò ṣàwàdà. Àwọn tó ń fún èèyàn láísẹ́ǹsì níbí ti ka ìwé àwọn tó fẹ́ ṣe kíìhóódà àti bùbá T-shirt sú. Ẹni tó bá sọ pé ìyá kan ní Croydon rí ọ̀nà oko bàbá ẹ̀ nínú pápá ìrẹsì tí Oga kùn, wọ́n á kà á dé ìsàlẹ̀. Lọ́dún 2007 ilé mùsíọ̀mù àwòrán òde òní ti Tokyo fi gbogbo àsìkò ooru pàtẹ iṣẹ́ Oga nìkan, àwọn èèyàn tò síta, kì í ṣe ọmọdé nìkan ló tò o.

Ọ̀nà tí mo lérò pé ó yá jù fún yín ni pé kẹ́ ẹ má bẹ̀rẹ̀ látorí fíìmù ńlá. Ẹ wá stúdíò àwòrán ẹ̀yìn, torí iṣẹ́ ọ̀tọ̀ ni lọ́dọ̀ wa, ilé iṣẹ́ wà tó jẹ́ pé BG nìkan ni wọ́n ń kùn fún àwọn ẹlòmíràn. Kobayashi Shichiro tó kú ní 2022 dá irú ẹ̀ sílẹ̀ ní 1968, ọ̀dọ̀ ẹ̀ ni Oga àti Ogura ti kọ́ṣẹ́. Àwọn ayàwòrán bẹ́ẹ̀ máa ń ní iṣẹ́ tiwọn tí wọ́n kùn lásán, tí kò sí nínú fíìmù kankan, kópíráìtì ìyẹn tiwọn ni. Ẹnì kan ṣoṣo lẹ máa bá sọ̀rọ̀, ọwọ́ kan náà, ọ̀dà kan náà. Ẹ lo ìyẹn fún pàtẹ àkọ́kọ́, kí ti fíìmù máa bọ̀ lẹ́yìn.

Táyé_Peckham

Mi ò tiẹ̀ mọ ohun tí mo máa sọ. Dúpẹ́, iṣẹ́ àdáni yẹn ò wá sí mi lọ́kàn rí, mo rò pé fíìmù nìkan ni. Ẹ̀gbọ́n Láyí, mo pe onílé láàárọ̀ yìí, mo ní kó fún ẹlòmíràn. Ó dùn mí díẹ̀ torí ògiri ẹ̀yìn sọ́ọ̀bù yẹn kọjú sí àríwá, oòrùn kì í fi bẹ́ẹ̀ dé ibẹ̀, ṣùgbọ́n òótọ́ ọ̀rọ̀ lẹ sọ.

Ohun tí mo máa ṣe nìyí. Ayàwòrán kan ṣoṣo, iṣẹ́ mẹ́jọ, àádọ́ta ẹyọ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí nọ́ńbà wà níbẹ̀ kí ọwọ́ rẹ̀ sì wà níbẹ̀ tó bá gbà láti fọwọ́ sí i. Ìwọ̀n tí ìwé náà jẹ́ gan-an ni màá fi tẹ̀ ẹ́, mi ò ní fẹ̀ ẹ́, etí ìwé á hàn, ihò mẹ́ta á hàn, nọ́ńbà pẹ́ńsù á hàn tó bá ní. Fírémù igi oak, gíláàsì tó ń dènà UV, ìtànṣán oòrùn tó ń mú àwọ̀ ṣá, gbogbo ìyẹn ọwọ́ mi ni, mi ò ní sanwó fún ẹnikẹ́ni. BG persimmon mi yẹn màá gbé e kọ́ sáàárín wọn, màá kọ ọ́ síbẹ̀ pé kì í ṣe títà. Dúpẹ́, èló lẹ máa gbà láti bá mi túmọ̀ ojú ìwé mẹ́rin?

Dúpẹ́_Tokyo

Ẹ fi ọ̀rọ̀ owó sílẹ̀ ná. Ẹ kọ ọ́ ní Yorùbá ránṣẹ́ sí mi, bẹ́ ẹ ṣe kọ ti King's Cross yẹn, kẹ́ ẹ má gbé e gba Òyìnbó kọjá. Màá gbé e láti Yorùbá bọ́ sí Japan tààrà.

Onítẹ̀wé_Ṣómólú

Kẹ́ ẹ tó tẹ mẹ́jọ, ẹ tẹ ìrépé sánmà kan ṣoṣo, ìbú ìka mẹ́rin, láti ibi tó ṣú jù dé ibi tó funfun jù. Ẹ gé e sí méjì, ẹ lẹ ọ̀kan mọ́ fèrèsé tí oòrùn ń dé, kẹ́ ẹ ti èkejì mọ́ inú ìwé. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta ẹ gbé wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn kẹ́ ẹ ya fọ́tò ẹ̀ síbí.

Táyé_Peckham

Mo ti tẹ̀ ẹ́, ìǹkì pigment, Photo Rag. Ọ̀kan ti wà lójú fèrèsé kíṣìnì láti àárọ̀.